Kábíyèsí Inú Ìgò

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú. Ní Kétu, lálẹ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde, Ẹ̀fẹ̀ a máa júbà kó tó la ẹnu bú ẹnikẹ́ni. Bó bá sì ti júbà tán, kò sí olóyè tó lè ní kó panu mọ́. Nítorí náà, ìbà àwọn àgbà. Ìbà ìyàwó mi tó yọ̀ǹda tábìlì ìjẹun fún mi láti kọ̀wé. Ìbà ìwúkàrà tó wú búrẹ́dì tí mo jẹ láàárọ̀ yìí. Mo ti júbà o. Bí mo bá bú ọmọ ẹnikẹ́ni, kí baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lónìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń sin ìwúkàrà nínú láàbù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnìkan ń sin adìẹ, ẹnìkan ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹlòmíràn ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé. Bí ebi bá dé, oníkálukú á pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ láyé yìí, wọ́n kàwé títí wọ́n fi di onígíláàsì, gbogbo ẹran ọ̀sìn wọn ò sì ju ohun tí ìyá oníbúrẹ́dì ń bù sínú ìyẹ̀fun, tó ń pè ní yíìsì. Ẹyọ kan rẹ̀ kéré débi pé bí ẹ bá to 200 wọn sórí ìlà, ìlà yẹn lè má gùn ju mílímítà kan lọ. Nítorí nǹkan yìí ni wọ́n ṣe ń sọ fún ìyá wọn pé àwọn ò ráyè wálé fún Kérésì.

Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Èmi ń gbé ní London, òun náà ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbí, nínú láàbù kan tí n ò ní í dárúkọ, torí mo ṣì fẹ́ kí wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí.

Ọjọ́ tí à ń sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àwàdà. Oyin wà lórí tábìlì, iyọ̀ wà, obì, orógbó, ataare. Àbúrò bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìka bọ oyin, ó fẹ́ fi kan ọmọ lẹ́nu, ni fóònù àbúrò mi bá dún bí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fò dìde.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá, mo ní láti máa lọ. Àwọn ìyá mi ti fẹ́ bímọ."

Àdúrà gba gbogbo ilé. Ìyá ìyàwó mi ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Àbúrò mi ṣe àmín, ó bọ́ síta. Gbogbo àlejò ń yìn ín pé agbẹ̀bí gidi ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ lógún. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń wí, ìwúkàrà ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ìwúkàrà kì í là sí méjì ọgbọọgba. Ìyá ló máa ń yọ kókó kékeré kan lára, kókó yẹn á máa dàgbà, á já bọ́, á di ọmọ. Bí oúnjẹ bá wà, tí ooru sì bá a lára mu, bí ìṣẹ́jú 90 ni ìyá fi ń bí ọ̀kan. Àpá ọmọ kọ̀ọ̀kan kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́, bí ẹni tí wọ́n kọ ní ilà lọ́mọ lọ́mọ. Á bí tó 25 kó tó kú. Àbúrò mi fẹ́ mọ ohun tó ń sọ ìyá yìí di arúgbó. Nítorí náà, ó to ìyá 60 sórí àwo, ó gbé wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó mú abẹ́rẹ́ kan tó tín-ín-rín bí irun. Bí ọ̀kan bá bímọ, á fi abẹ́rẹ́ gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fa igi kan sínú ìwé. Ìyá tún bí, ó tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún fa igi. Ó di ìgbà tí ìyá bá kú kó tó sinmi. Robert Mortimer àti John Johnston ló fi ọ̀nà yìí han ayé ní 1959, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ bá mi ṣírò ó: 60 lọ́nà 25. Ìbímọ 1,500, agbẹ̀bí kan ṣoṣo, kò sí owó ìgbàlejò, kò sí ìkómọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Mo ní, "Ìgbà wo lo wá ń sùn?"

Ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ṣú, màá kó wọn sínú fìríìjì. Òtútù á dá ìrọbí wọn dúró di àárọ̀."

Ọmọ márùn-ún ni ìyá wa bí, èmi ni àkọ́bí, òru ló sì bí gbogbo wa. Kò sí agbẹ̀bí kan tó gbé e sínú fìríìjì pé oorun ń kun òun.

Mo bá ní kó mú mi dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ilé ìwé ni mò ń lọ. Mo wọlé, mo rí ààfin.

Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá ọba. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí ooru inú rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 30, kì í lé, kì í dín, tọ̀sán tòru. Yàrá tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ ń gbé, ẹ̀wù òtútù méjì ló fi ń sùn nínú rẹ̀ nítorí owó gáàsì. Nínú àpótí yẹn ni ẹ̀rọ kan wà tó ń mi ìgò ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú kan kí afẹ́fẹ́ lè kárí gbogbo ará ìlú. Ọba tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ni mo mọ̀. N ò rí ọba tí wọ́n ń mì jìgìjìgì láti alẹ́ dòwúrọ̀ kó lè rí èémí mí.

Ó wá kan oúnjẹ. Nínú lítà omi kan, wọ́n á bu ṣúgà gíráàmù 20. Wọ́n á bu gíráàmù 20 ohun tí wọ́n ń pè ní peptone, ìyẹn ẹran tàbí mílíìkì tí wọ́n ti bá a dà nínú kó tó dé ẹnu rẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ rún ẹran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu gíráàmù 10 oje ara ìwúkàrà mìíràn sí i. Ẹ̀yin náà gbọ́: ara ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ń bọ́ àbúrò, àbúrò ò sì bèèrè ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan tí wọ́n dé mọ́ ooru, wọ́n á sè é dé ìwọ̀n 121 fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ̀mí kankan má ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀ kábíyèsí. Ní gbogbo àsìkò yìí, gààrì ni emèsè rẹ̀ ń mu lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí wọn ò gbọdọ̀ jẹun nínú láàbù.

Kábíyèsí á wá jẹ ṣúgà, á sọ ọ́ di ọtí. Bí ṣúgà bá tán, ẹ mọ ohun tó máa ṣe? Á padà mu ọtí tó pọn. Ìyá kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé tó ń ta ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ohun tó gba gbogbo owó ọjà rẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n pe tirẹ̀ ní ìwà. Ti ìwúkàrà, wọ́n kọ ìwé lé e lórí.

Ẹ má tíì sún mọ́ ọba o. Èèwọ̀ wà. Ẹ ó fi ọtí fọ ọwọ́, ọtí tí wọ́n bu omi là kó lè jẹ́ ìdá 70 nínú 100, torí pé omi yẹn ló ń bá ọtí wọ inú kòkòrò lọ kó tó lè pa á. (Ọtí ṣíṣàn gan-an ò pa á tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún àwọn ọ̀mùtí ìlú wa.) Ẹ ó fi wáyà sínú iná títí yóò fi pọ́n bí ojú ẹni inú ń bí, ẹ ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi kan ọba lára. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwo. Ẹ ò gbọdọ̀ na apá kọjá lórí rẹ̀. Níbi tí àbúrò mi ti ń ka èèwọ̀ yìí fún mi, ni mo bá sín.

Ó wojú mi. Ó kó àwo 12 dà nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tó gbàgbé sẹ́yìn tábìlì, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti bu, ó hu irun funfun, ó dúdú láàárín. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yín ti dé."

Ó kù síbi ọ̀ṣọ́. Níbí ni mo ti fẹ́ sunkún. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo ìlú láti inú àwo kan lọ sínú òmíràn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ipò, wọ́n á na aṣọ sórí òpó kékeré kan, wọ́n á tẹ àwo àkọ́kọ́ lé e, ará ìlú á lẹ̀ mọ́ aṣọ. Wọ́n á wá tẹ àwo tuntun lé e, ará ìlú á ṣí lọ síbẹ̀. Ẹ bi mí pé irú aṣọ wo. Àrán! Àrán tí bàbá wa rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, tí wọ́n fi gba oyè, tí wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tó bá da epo sí i á rí pupa ojú àwọn. Àbúrò mi ní àrán náà ló dára jù, torí irun rẹ̀ ń gbá wọn mú. Mo wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí tábìlì, mo ní èyí ńkọ́? Ó ní kì í ṣe okùn, ìlẹ̀kẹ̀ dígí ni wọ́n ń dà sínú àwo, wọ́n á mì í kí ìwúkàrà lè tẹ́ kárí. Mo tún rí àwo kan tí gbogbo ará ibẹ̀ pupa fòò bí ẹni kun osùn. Ó ní jíìnì kan tí wọ́n fi ń ṣe adenine ló bàjẹ́ lára wọn, ohun tí wọn ò lè parí ló ṣù sínú wọn, tó pọ́n bẹ́ẹ̀.

Àrán, ìlẹ̀kẹ̀, osùn. Emèsè tó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, jíǹsì kan náà ló ń wọ̀ láti Ọjọ́ Ajé di Ọjọ́ Ẹtì.

Mo ní, "Ó dáa. Ọba tí ẹ ń sìn báyìí, ilé ta ló ti wá?" Nítorí àwa Yorùbá, a kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ orírun rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn ìdílé ọba. Ní 1938, ní Merced, ní California, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Emil Mrak rí èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ti jẹrà. Ó mú ìwúkàrà lára rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní EM93. Mortimer tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun náà ló mú àtọmọdọ́mọ rẹ̀, ó ń fi wọ́n fún ara wọn láya títí ó fi rí èyí tó pè ní S288C. Bí ìdá 88 nínú 100 ohun tí S288C jogún, ọ̀dọ̀ ará inú ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwúkàrà láàbù káàkiri ayé lónìí. Àwa ń sọ pé Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti òkè ọ̀run. Kábíyèsí yìí, orí ààtàn ló ti rọ̀. Orúkọ oyè rẹ̀ sì jọ nọ́ńbà mọ́tò.

Síbẹ̀, ní 1996, ìwúkàrà yìí ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo ìwé ìran rẹ̀ tán, nínú àwọn ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní yàrá ìpamọ́ fún jíìnì bíi tiwa. Ó lé ní 600 onímọ̀ tó pawọ́ pọ̀ ṣe é, láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan: bíi mílíọ̀nù 12 lẹ́tà nínú kírómósóòmù 16, jíìnì bí 6,000. Ìdílé tèmi, a ò tíì fẹnu kò lórí orúkọ bàbá bàbá bàbá wa.

Ẹ wá wo ìwà àwọn ọmọ ọba. Wọ́n ti bà wọ́n jẹ́. Ìwúkàrà inú igbó mọ iṣẹ́: bó bá rí ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó bá nílò. Àwọn ti láàbù, wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ gba jíìnì lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ò lè ṣe leucine, ìkejì ò lè ṣe uracil, ìkẹta ò lè ṣe histidine. Bí ẹ ò bá gbé e síwájú wọn, wọ́n á kú. Àbúrò mi ní ọgbọ́n ló wà níbẹ̀: bí òun bá fẹ́ ti jíìnì tuntun sínú wọn, òun á so èyí tí wọ́n pàdánù mọ́ ọn, òun á wá fi wọ́n sórí oúnjẹ tí kò ní nǹkan yẹn. Ẹni tó bá yè ló gba ẹrù.

Ó tún ní àjẹsí kan wà tí wọ́n ń pè ní 5-FOA. Ìwúkàrà tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe uracil fúnra rẹ̀, bó bá jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di májèlé sára, á kú. Èyí tí kò mọ nǹkan kan ló máa yè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nílé rí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéga níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn tún yàtọ̀. Kò sí akọ, kò sí abo. A àti alpha ló wà. Oníkálukú ń tú òórùn tirẹ̀ síta. Bí èyí tó jẹ́ a bá gbọ́ òórùn alpha, á dá iṣẹ́ ọmọ bíbí dúró lójú ẹsẹ̀, á máa na imú lọ síbi tí òórùn ti ń wá, títí ara rẹ̀ á fi gùn bí èso píà. Alpha náà á máa na imú bọ̀. Wọ́n á pàdé, wọ́n á pò di ọ̀kan. Láìsí alárinà, láìsí ìdána. Bí ebi bá wá pa tọkọtaya yìí gidi, dípò kí wọ́n jà, wọ́n á pín ogún. Ọmọ mẹ́rin ló máa ń jáde nínú àpò kan, a méjì, alpha méjì. Ẹnìkan ò ní ká pín in ní ìdí-igi, ẹnìkan ò ní ká pín in ní orí-ò-jorí, ẹjọ́ ò dé kóòtù. Àbúrò mi á wá jókòó, á fi abẹ́rẹ́ tú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún dọwọ́ agbẹ̀bí.

Àpò yẹn le, ohun kan ló ń rọ̀ ọ́. Lóde òní wọ́n ń rà á nínú ìgò. Láyé ìgbà tí Mortimer bẹ̀rẹ̀, omi inú ìgbín ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́. Ìgbín! Mo dìde lórí àga. Mo ní ẹ̀rọ̀ ni ìgbín, a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé, kí ló tún kù? Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ti jíìnì sínú ìwúkàrà, wọ́n á po iyọ̀ lítíọ́ọ̀mù mọ́ omi kan tó ń fà bí ilá, wọ́n á fi DNA inú àtọ̀ ẹja sámọ́ọ̀nù tí wọ́n ti sè sí i, wọ́n á wá ki gbogbo rẹ̀ bọ omi tó gbóná dé ìwọ̀n 42.

Ìyá wa wà lórí fóònù, ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè ni a fi í sí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Omi ìgbín," ni wọ́n wí. "Àtọ̀ ẹja. Omi gbígbóná. Ọmọ mi, ṣé yunifásítì lo wà ṣá?"

Kó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílé ló ti kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọba yìí. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì dá lórí yíyọ ìwúkàrà jáde láti inú ẹmu. Ẹmu lítà 4 ló kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́mu, lítà 1 ló dé láàbù. Nínú ìwé iṣẹ́ náà, ó kọ ọ́ pé ìyókù ṣòfò lójú ọ̀nà. Awakọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni ojú ọ̀nà. Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dé ìgò pinpin, wọ́n lọ sílé. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní díísù, fìríìjì di ààrò, ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kún inú ìgò. Ọjọ́ Ajé, olùkọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ìgò ti bú, ẹmu ti kan àjà, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn bí ìdí ọ̀pẹ. Ó ní kí ẹni tó ń mutí níbẹ̀ jáde síta.

Àbúrò mi padà lọ bá ẹlẹ́mu, ó ní àwọn ń wá ọ̀nà tí ìwúkàrà ò fi ní bàjẹ́. Bàbá na kèrègbè sí i. Ó ní kó wo ìdí rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àná ló wà níbẹ̀, bàbá ò fọ̀ ọ́ dànù. Ibẹ̀ ni ìwúkàrà ń gbé; bí omi ọ̀pẹ tuntun bá ti kán sí i, wákàtí díẹ̀ ló ti ń hó. Bàbá ní ẹni tó bá fọ kèrègbè mọ́ tónítóní ti lé àlejò rere lọ. Láàbù London ń ná owó fìrísà tó tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo nítorí ohun tí bàbá yìí fi sí ìdí kèrègbè.

Lóòótọ́, fìrísà yẹn náà ní ògo tirẹ̀. Wọ́n á po ìwúkàrà mọ́ glycerol, wọ́n á fi sínú ìgò kékeré, wọ́n á gbé e wọlé. Ọdún á yí lu ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ á gboyè jáde, á gbéyàwó, á pá lórí. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á ṣí fìrísà, á fi igi ìtayín họ yìnyín díẹ̀, á fi ra orí àwo. Ọjọ́ méjì, ìlú ti kún. A máa ń sọ pé ọba kì í kú, ọba ń wọ àjà. Èyí wọ fìrísà, ó sì ń jáde wá bèèrè oúnjẹ.

Ẹ máa wí pé kí ló wá dé tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń sin irú nǹkan báyìí. Oyè ni wọ́n ń jẹ nídìí rẹ̀. Leland Hartwell fi ìwúkàrà wá bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé àsìkò àti pín ti tó, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Randy Schekman wo bó ṣe ń kó ẹrù jáde láti inú ara rẹ̀, ó gbà á ní 2013. Yoshinori Ohsumi ní Japan febi pa ìwúkàrà, ó wá ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹrù inú ilé ara rẹ̀ kó má bàa kú, ó gbà á ní 2016. Ní Nàìjíríà, a ti ń ta fìríìjì jẹ, a ti ń ta ilẹ̀kùn jẹ láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó pè wá sí Stockholm.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu ni ti Paul Nurse, tí òun àti Hartwell jọ gba ti 2001. Ìbátan ìwúkàrà tirẹ̀ kan ló ń sìn, èyí tí ará Jámánì kan, Paul Lindner, rí nínú ọtí ọkà ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1893, tó fi ń jẹ́ pombe títí dòní. Ọtí ni pombe lédè Swahili. Jíìnì kan wà tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé kó pín. Melanie Lee àti Nurse mú èyí tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ń wá inú jíìnì ènìyàn bóyá wọ́n á rí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n rí i ní 1987, ní London níbí. Jíìnì ọmọ ènìyàn wọ inú ará inú ìkòkò ọtí, ó gba ipò, ìwúkàrà sì ń pín lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, gbogbo èébú tí mo ti ń bú láti òkè, mọ̀lẹ́bí ni mò ń bú.

Mo kọ gbogbo èyí tán, mo kà á fún àbúrò mi. Ó ti wá kí ọmọ wa, tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹjọ lánàá, tí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo ti ra ìgò ẹmu kan ní ìsọ̀ kan ní Peckham, ife wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé á bínú. Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ń gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́yìn.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, abẹ́rẹ́ tí ọmọ yín gbà yìí, ti hepatitis B wà nínú rẹ̀, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Láti 1986 tí Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀, ìwúkàrà ni wọ́n ń bẹ̀ níṣẹ́. Wọ́n ti jíìnì kan láti ara kòkòrò àrùn sínú rẹ̀, òun ló ń bá wọn ṣe oògùn. Ẹ̀yin ẹ sín sí i lára. Òun ò bínú, ó ń ṣọ́ ọmọ yín."

Mo gbé ife sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má gbé e sílẹ̀. Ẹ wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, ọba ni èmi ń sìn. Ẹ̀yin ńkọ́? Láàárọ̀, ẹ jẹ ẹ́ nínú búrẹ́dì. Lálẹ́, ẹ ń mu ún nínú ẹmu. Èmi tí mò ń sin ọba, ẹrú lẹ pè mí. Ẹni tó ń jẹ ọba láàárọ̀ lálẹ́, ṣé kì í ṣe òun ló jọba?"

Mo wá èsì lókè, mo wá a nílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, fóònù rẹ̀ dún bí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ń wá bàtà. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"A ó gbóhùn ìyá," ni mo wí.

Ó ṣe àmín, ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.